Ìkòkò Òjé: Ìtàn Ọta, Iná àti Èérí ní Agbègbè Ìbàdàn

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé òjé bọ́ sí olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Bí mo bá ka òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni eré tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń ṣe: "bọ́ sí" àti "bọ́ ọ", ìró kan náà, iṣẹ́ méjì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò dúró lórí eré ọ̀rọ̀ nìkan. Ó dúró lórí ìmọ̀ nípa irú ohun tí òjé jẹ́. Òjé rọ̀. A lè yọ́ ọ, kí a dà á ní gbọọrọ, kí a sì tẹ̀ ẹ́ yí ọrùn ọwọ́ olórìṣà ká títí orí rẹ̀ méjèèjì yóò fi pàdé. Kò ní ìdè, kò ní ìkọ́, síbẹ̀ kò ṣeé fà yọ. Ẹni tí ó dá òwe yìí sílẹ̀ ti rí ìkòkò òjé lórí iná rí.

Ìkòkò yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: ìkòkò tí a fi ń yọ́ òjé kí a tó dà á di ọta ìbọn, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ohun tí a ń bù kúrò lójú rẹ̀, àti ibi tí a ń da ohun náà sí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bi mí bóyá kò sí ohun mìíràn tí ó kù láti kọ nípa Ìbàdàn mọ́ ni. Ìtàn Ìbàdàn tí a ń kà nínú ìwé jẹ́ ìtàn àwọn olórí ogun: Olúyọ̀lé, Ìbíkúnlé, Ògúnmọ́lá, Látòósà. Bẹ́ẹ̀ ni olórí ogun kan kò lè fi ìbọn tí kò ní ọta nínú ṣẹ́gun. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ogun ṣe rí lójú àwọn ará oko, ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí a mọ̀ lónìí sí ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ilé arọ ni kí ó kọ́kọ́ yà sí kí ó tó dé ààfin.

Ẹ jẹ́ kí á ti ibi ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Alágbẹ̀dẹ a máa rọ irin. A kì í gbọ́ pé ẹnìkan ń rọ òjé. Dídà ni a ń da òjé. "Rọ" ni iṣẹ́ owú àti ọmọ owú: irin pọ́n nínú iná, kò yọ́, a fi ẹ̀mú gbé e, a lù ú títí yóò fi gba ìrísí tí a fẹ́. "Dà" ni iṣẹ́ ìkòkò: ohun líle ti di omi, a sì ń dà á bí ẹni ń da omi. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àṣà ẹnu lásán. Irin kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó ìwọ̀n 1,538 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹwìrì ilé arọ kì í sì í gbé iná dé ibẹ̀. Òjé ń yọ́ ní 327 péré. Iná èédú tí a fi ń yan àgbàdo tó o. Ìdí nìyí tí ọdẹ tí kò kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀dẹ rí fi lè da ọta òjé ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí kò sì lè rọ ọkọ́ kan ṣoṣo. Mo rò pé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì wọ̀nyí, "rọ" àti "dà", sọ fún wa nípa iṣẹ́ irin ní ilẹ̀ Yorùbá ju ojú-ìwé mẹ́wàá inú ìwé mìíràn lọ.

Ọta ńkọ́? Ohùn àárín ni ó wà lórí fáwẹ̀lì rẹ̀ méjèèjì. Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀tá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá ni a ń rán an sí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn olórìṣà fi ń pe òkúta róbótó inú odò tí wọ́n ń kó sí ojúbọ. Èrò tèmi ni pé ti òkúta ni ó ṣáájú, nítorí òkúta ni a kọ́kọ́ sọ lu ara wa kí irin àti òjé tó dé. Ẹ̀tù ìbọn náà ní ìtàn tirẹ̀ nínú kíláàsì mi: ọdẹ ki ẹ̀tù sínú ìbọn, ó pa ẹtu nínú igbó, ó sì tún pa ẹtù lórí igi. Ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ ẹran, èyí tí ó jẹ́ ẹyẹ, àti èyí tí yóò jó o lọ́wọ́.

Yíyọ́ òjé ti wà ní ilẹ̀ yìí kí ìbọn tó dé. Àwọn ère orí tí wọ́n hú jáde ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, tí àwọn onímọ̀ fi sí àárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, idẹ ni a ń pè wọ́n. Àyẹ̀wò sì fi hàn pé òjé wà nínú idẹ púpọ̀ nínú wọn. Ní Igbó Olókun, ní Ifẹ̀ kan náà, àwọn awalẹ̀ ti rí àfọ́kù ìkòkò tí a fi yọ́ dígí, tí dígí náà ṣì lẹ̀ mọ́ inú wọn. Ara ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ìkòkò yìí ni wọ́n fi mọ̀ pé Ifẹ̀ ń ṣe dígí fúnra rẹ̀ dípò kí ó kàn máa tún ti òkèèrè yọ́. Ìkòkò tí ẹnìkan kò fọ̀ ni ó ń bá òpìtàn sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tí ó ń da ọta, ní tirẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 (1921 ni àbúrò rẹ̀ rí i tẹ̀ jáde), kọ ọ́ pé nígbà ogun Òwu ní àwọn ọdún 1820, àwọn Ìjẹ̀bú ni ó ní ìbọn, nítorí pé wọ́n sún mọ́ etíkun, wọ́n sì ń fi ẹrú ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó kù ń fi àdá, idà, ọ̀kọ̀ àti ọfà jà. Ní nǹkan bí 1829, àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Nígbà tí yóò fi di ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1862, ìbọn ti di ohun ìjà gbogbo ẹ̀yà. Ìjàyè tí mo ń wí yìí, níbi tí Kúrunmí ti jọba, wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lónìí. Àwọn tí ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí oko kì í sábà rántí pé ìlú ńlá tí ogun tú ni.

Ìbọn ṣakabùlà ni ìbọn náà. Àwọn òyìnbó fi orúkọ àwọn ará Denmark pè é, nítorí pé àwọn oníṣòwò Denmark wà lára àwọn tí ó kó o wá sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Belgium ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń kì í: ẹ̀tù ṣáájú, ọta tẹ̀ lé e, a fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò bèèrè fún ọta kan pàtó. Ohunkóhun tí ó bá wọ ẹnu rẹ̀ ni yóò tu jáde.

Nítorí náà, àwọn alágbẹ̀dẹ rọ ọta irin fún un. Irin jẹ́ ti wa. Ilẹ̀ Yorùbá ń yọ irin láti inú òkúta rẹ̀ títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Ní 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ àkọsílẹ̀ jáde nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ tí ó bá lẹ́nu iṣẹ́ náà. Òjé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí òkúta òjé ti pọ̀ ní Nàìjíríà ni agbègbè Abakaliki ní ìlà-oòrùn àti Zamfara ní àríwá. Kò sí lára ohun tí a mọ ilẹ̀ Ìbàdàn mọ́. Etíkun ni òjé ti ń wá, nínú ẹrù àwọn oníṣòwò òyìnbó. Ṣùgbọ́n òjé dára ju irin lọ fún iṣẹ́ yìí. Bí omi bá wọn 1 nínú ìgò kan, irin yóò wọn 7.9 nínú ìgò náà, òjé yóò sì wọn 11.3. Ọta òjé tí ó tó ọta irin kan ní títóbi yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì wúwo jù ú lọ, nítorí náà kò ní tètè rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ó rọ̀, kì í ha inú ìbọn. Nígbà tí a bá dà á sínú ihò róbótó, róbótó ni yóò jáde; ọta irin tí a fi òòlù rọ a máa ní igun, igun a sì máa gbé e yà kúrò níbi tí a rán an sí.

Ohun tí ó dára jù ni ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ohun tí kò dára tó ni ó wà lọ́wọ́ wa. Bí mo bá ní kí n sọ ìṣòro ogun Ìbàdàn ní gbólóhùn kan, èyí ni n óò sọ. Ìbàdàn jìnnà sí òkun, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì jókòó sójú ọ̀nà. Ní 1877, Àárẹ Látòósà ránṣẹ́ lọ ra ohun ìjà ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá sì wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá lọ́dún náà. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ogun Èkìtì Parapọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn wá ń jagun níwájú, ọ̀nà ọta sì tì lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn obìnrin wà nínú ìtàn yìí ju bí a ti ń sọ lọ. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ń ta ohun ìjà, ó sì ń ta á láwìn fún àwọn ológun. Gbèsè wà lára ohun tí ó da àárín òun àti Látòósà rú, ọdún 1874 sì ni wọ́n pa á. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n nípa eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, níbi tí ó ti jẹ́ ìkà obìnrin. Èmi kò bá eré náà jà, eré dáadáa ni. Mo kàn fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi rántí pé ẹni tí ó ń ta ẹ̀tù àti ọta láwìn fún ogun tí kì í tán ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè owó rẹ̀.

Ní Kírìjí, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà rí ìbọn tuntun gbà láti ọwọ́ àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó. Snider ni púpọ̀ nínú wọn, ìbọn tí a ń ki láti ìdí, tí ọta òjé rẹ̀ àti ẹ̀tù rẹ̀ jọ wà nínú ìkarahun kan. Ìró ìbọn wọ̀nyí láàárín àwọn òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjí. Ẹ gbọ́ ọ bí ó ṣe rí létí: Ki-ri-ji. Lójú àgbẹ̀dẹ, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ìkòkò òjé ti kúrò ní abúlé, ó ti lọ sí ilé-iṣẹ́ ní òkèèrè. Ìkarahun Snider kò ṣeé rọ nílé arọ. Ìbàdàn náà wá ìbọn bẹ́ẹ̀ kiri nígbà tí ó yá. Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, àwọn ọmọ-ogun kò sì tú ká tán títí di 1893.

Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí ìkòkò òjé abúlé ti di ohun ìgbàgbé. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìwé kan tí a kọ ní Brussels ní 1890. Àwọn ìjọba Yúróòpù péjọ síbẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ dá òwò ẹrú dúró, wọ́n sì fòfin de ìbọn tuntun ní apá tí ó pọ̀ jù nínú Áfíríkà. Ìbọn ìṣáná-òkúta tí inú rẹ̀ dán àti ẹ̀tù lásán nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda. Báyìí ni ṣakabùlà, tí ó ti di ohun àtijọ́ níbòmíràn, ṣe di ìbọn àgbẹ̀ àti ọdẹ fún ọ̀rúndún kan lẹ́yìn náà. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 náà yà á sọ́tọ̀ sí ìsọ̀rí tirẹ̀, tí ó rọrùn ju ti ìbọn yòókù lọ láti gba ìwé àṣẹ fún. Níwọ̀n ìgbà tí ìbọn tí a ń ki láti ẹnu bá wà, ìkòkò yóò wà.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo inú ìkòkò náà.

Irin ni ó yẹ kí ó jẹ́, kí ara rẹ̀ nípọn. Ìkòkò amọ̀ lè sán lórí iná, kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì ya sínú èédú. Àwọn kan a máa lo ìkòkò alúmínì tí ìyàwó ti pa tì. Iná tí ó bá gbóná jù lè yọ́ òun náà pẹ̀lú ẹrù tí ó gbé. Nígbà tí òjé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, ojú rẹ̀ a máa dán bí dígí. Kò ní pẹ́ tí awọ eérú kan yóò fi bò ó. A bù ú kúrò, òmíràn tún dé. Awọ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní èérí, wọ́n á sì bù ú dànù. Ìṣirò wọn kò pé. Ohun méjì ni ó pàdé níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ èérí lóòótọ́: iyanrìn, èédú, ìpẹtà tí ó ṣí kúrò lára ìkòkò. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń léfòó, nítorí òjé wúwo jù wọ́n lọ. Kódà bí ẹ bá sọ ìṣó irin sínú òjé yíyọ́, yóò léfòó bí igi lórí omi. Èkejì kì í ṣe èérí rárá. Òjé ni, tí ó ti gba afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹni tí ó bá dà á nù ti da ohun tí ó rà nù.

Kí wá ni ṣíṣe? Ọgbọ́n kan wà tí gbogbo ayé tí ń da òjé mọ̀. A ju ìda oyin díẹ̀ tàbí ọ̀rá sínú ìkòkò, a sì fi ṣíbí irin ọlọ́wọ́ gígùn rò ó. Èéfín yóò sọ, iná lè gbà lójú rẹ̀. Ìda tí ó ń jó yóò gba afẹ́fẹ́ náà padà lọ́wọ́ òjé, òjé yóò sì tún padà di òjé, yóò ṣàn lọ bá èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Ìyẹ̀fun dúdú gbígbẹ ni yóò ṣẹ́ kù lókè. Èyí ni èérí gidi, òun ni a ń bù kúrò. Bí a bá fi sílẹ̀ tí ó bá òjé wọnú ọta, ihò yóò wà nínú ọta náà, apá kan yóò fúyẹ́ ju èkejì lọ, yóò sì yà lójú afẹ́fẹ́. Kí iná má sì pọ̀ jù: bí ó ti ń gbóná sí i ni awọ ń pọ̀ sí i, tí èéfín rẹ̀ sì ń le sí i.

Omi ni ọ̀tá ìkòkò òjé. Bí ó ṣe ẹ̀kán kan péré, bí ó bá wọ abẹ́ òjé yíyọ́, yóò di oruku omi lójú ẹsẹ̀, yóò sì gba àyè tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan ìlọ́po ti tẹ́lẹ̀. Ipá rẹ̀ yóò fọ́n òjé gbígbóná sí ojú àti àyà ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, òjé tí òjò pa kì í wọ ìkòkò tí ó ti gbóná. A ó kọ́kọ́ yá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná títí yóò fi gbẹ dénú. Ṣíbí náà gbọdọ̀ gbẹ. Ihò tí a ó dà á sí gbọdọ̀ gbẹ. Bí iṣẹ́ bá parí, a kì í bu omi lé ìkòkò kí ó lè tètè tutù. Ìkòkò irin tí ó ṣófo ní àsìkò òjò a máa dógùn-ún, ìdí nìyí tí àwọn kan kì í fi í dà á tán: wọ́n á jẹ́ kí òjé díẹ̀ tutù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó bo irin mọ́lẹ̀.

Gbogbo èyí jẹ́ ìtọ́jú ìkòkò nítorí ọta. Ìtọ́jú ẹni tí ń fọ̀ ọ́ ni ìtàn kò kọ sílẹ̀. Òjé líle ní àtẹ́lẹwọ́ kò ṣe ènìyàn ní ohun ńlá kan lójú ẹsẹ̀. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni ó burú: èyí tí a ha kúrò lára ìkòkò ní gbígbẹ, tí ó gbéra, tí ó wọ imú, tí ó bà lé ọwọ́ tí a fi jẹ ẹ̀kọ. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń gba ibẹ̀ sá pamọ́ sínú eegun fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ara ń ṣì í mú fún èròjà tí ó ń mú eegun le. Àgbàlagbà yóò máa ṣàròyé inú rírun àti àìlókun. Ọmọdé ni ó ń jìyà rẹ̀ jù: ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà, òjé sì ń dí i lọ́wọ́. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nicander, akéwì ilẹ̀ Gíríìkì, ti ṣàpèjúwe àìsàn òjé ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Jésù. Nílé arọ, ta ni ó ń gbá eérú? Ọmọṣẹ́ ni, ọmọdé tí ó ń fẹ́ ẹwìrì. A ti ka iye ọdún tí Kírìjí fi jà, a ti ka àwọn ọlọ́lá tí ó kú síbẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́wìrì kò sí nínú ìwé.

Ní 1968 àti 1969, ṣakabùlà tún dé ojú ìtàn ní àwọn abúlé wọ̀nyí gan-an. Owó-orí ti wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn, owó kòkó kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní, "Àgbẹ̀ kọ ìyà." Ní Oṣù Kọkànlá 1968, wọ́n wọ́ lọ sí Mápó. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1969, wọ́n fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Táfà Adéoyè ni olórí wọn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, Àkàǹrán ní Ọ̀nà-Àrà sì ni ibùdó rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá a sọ̀rọ̀ ní Oṣù Kẹwàá 1969, kí owó-orí tó di £2. Ọlọ́pàá ní ìbọn òde òní. Àgbẹ̀ ní àdá, oògùn, àti ìbọn tí ìwé Brussels yọ̀ǹda fún baba rẹ̀. Ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ ọta tí a rà nínú páálí. Ohun tí a bá dà tàbí tí a bá rọ lábúlé ni ó ń jẹ.

Nígbà tí mọ́tò dé, òjé kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Bátìrì mọ́tò kan ní òjé tí ó tó kìlógíráàmù mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú. Ohun tí Látòósà tìtorí irú rẹ̀ ránṣẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́ wá wà ní ẹ̀yìn ilé mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n òjé inú bátìrì kò dà bí òjé tí òyìnbó kó wá ní ọ̀pá ọ̀pá. Ásíìdì ti rin ín, apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ti di ìyẹ̀fun kí ó tó dé orí iná. Ẹni tí ó bá fọ́ bátìrì lágbàlá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹni ìṣáájú fi parí.

Ní Kúmápàyí, abúlé kan ní agbègbè Olódò nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, wọ́n da ìdàrọ́ ilé-iṣẹ́ bátìrì kan sórí ilẹ̀ ní òkìtì. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà láti Yunifásítì Ìbàdàn yẹ ilẹ̀ náà àti àwọn ewéko tí ó hù níbẹ̀ wò, wọ́n tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 2008: òjé ti wọ inú ilẹ̀ náà ní ìwọ̀n tí ó bani lẹ́rù, ó sì ti gun àwọn ewéko. Ìkòkò òjé tí ó tóbi jù ní agbègbè yìí nìyẹn, èérí rẹ̀ ni wọ́n sì gbọ̀n síbẹ̀. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọdé méjìdínlógún ni ó kú láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008 níbi tí wọ́n ti ń tún òjé bátìrì yọ́. Ní Zamfara, ní 2010, àwọn tí ń fọ́ òkúta wúrà ṣèèṣì fọ́ òjé mọ́ ọn nínú ilé, àwọn ọmọ tí ó kú sì ju irínwó lọ. Ògíjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì pọ̀ sí, àwọn ará ìlú sì ti ń pariwo èéfín wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà, bí ẹ bá mọ ọdẹ tàbí apẹja tí ó ń da òjé, nítorí àwọn apẹja náà ń dà á fún ìdí àwọ̀n, ẹ bá mi sọ fún un pé kí ó gbé ìkòkò náà jìnnà sí ilé ìdáná, kí ó má ṣe dá a padà síbẹ̀ mọ́ láéláé. Ìta gbangba ni kí ó ti yọ́ ọ, kí ó dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń wá. Bí ó bá fẹ́ ha inú rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ó fi omi rin ín, kí ó sì tún sá a gbẹ kí ó tó rí iná mìíràn. Kí ó kó èérí rẹ̀ sínú agolo tí ó ní ìdérí, kí ó má ṣe dà á sí etí odò tàbí sídìí ẹ̀fọ́. Kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, kí ó sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ. Ọmọ kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, ìbáà ṣe láti fẹ́ná.

Mo lo "ìdàrọ́" lókè fún ohun tí ó wà ní Kúmápàyí. Ẹnìkan tí ó kà á kí n tó gbé e jáde ní kò tọ́, pé ìdàrọ́ irin ni ìdàrọ́, èyí tí ẹ óò rí ní òkìtì dúdú níbi tí àwọn tí ń yọ irin ti gbé rí, tí a sì lè gbin iṣu lẹ́bàá rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ó ní ti òjé yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà ní Ìkẹ̀rẹ̀kú, ní Lálùpọn, ní Ẹ̀rúnmu tàbí ní Àkàǹrán, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń pe ìyẹ̀fun dúdú tí a ń bù kúrò lójú òjé. Ẹ fi àmì ohùn sí i.